Ẹ má kó páálí oògùn dání lọ sí Atakpamé, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín

Sìstá, ẹ kú ìmúra o. Ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín n'Íbàdàn fẹ́ rán ẹ̀yin mẹ́jọ lọ sí agbègbè Atakpamé ní Tógò, kẹ́ ẹ lọ wo kílíníìkì, kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àti ibi tí míṣọ́n kan ti ń kọ́ àwọn ìyá níṣẹ́ télọ̀, ẹ wá ń bèèrè bóyá ọjọ́ mẹ́wàá tó àti irú ẹ̀bùn tó yẹ kẹ́ ẹ kó dání. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn yẹn ni orí mi wú. Agbègbè yẹn náà làwa lọ lọ́dún 2022, èèyàn mẹ́sàn-án, títí dòní mi ò lè rí páálí oògùn kí ọkàn mi má pa dà sí bọ́dà.

Oṣù mẹ́ta gbáko la fi ń gba nǹkan jọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó di páálí oògùn 11: paracetamol, oògùn ibà, oògùn aràn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn ikọ́ ọmọdé, pẹ̀lú àpò aṣọ mẹ́fà. Ọkùnrin kan wà tí ṣọ́ọ̀ṣì sanwó fún pé kó bá wa ṣètò ìrìnàjò, gbogbo èèyàn ló ń pè é ní àgbà nínú iṣẹ́ yẹn, òun ló ní "ECOWAS ni jàre, kò sí wàhálà, ẹ sáà ti ní pásípọ́ọ̀tù." Lóòótọ́ ọmọ ECOWAS lè wọ ilẹ̀ ara wọn fún 90 ọjọ́ láìgba físà, àmọ́ èèyàn lòfin yẹn wà fún, kì í ṣe páálí oògùn! Kò sọ ìyẹn fún wa. Owó tó gbà lọ́wọ́ wa ṣì ń dùn mí.

Ọ̀kan nínú àwọn bọ́dà tá a gbà, mi ò ní sọ èyí tó jẹ́, a débẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọ́físà ní ká já páálí. Ó ní ìwé dà? Orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan àti iye rẹ̀ dà, ọjọ́ tó máa bàjẹ́ dà, lẹ́tà àwọn tó fẹ́ gbà á dà, ìwé àṣẹ ìjọba pé oògùn yìí lè wọlé dà, kí gbogbo ẹ̀ sì jẹ́ Faransé. Lẹ́tà pásítọ̀ wa nìkan ló wà lọ́wọ́ wa, Gẹ̀ẹ́sì ni, òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wà lára ẹ̀. Ó wò ó, ó ká a, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fẹ́ ara ẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn wá pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ká mú nǹkan wá. A dá owó jọ, a fún un, kò fún wa ní rísíìtì, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ó parí iṣẹ́ ó bá tirẹ̀ lọ, àwọn tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ní àwọn ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Sìstá, ibẹ̀ la sùn mọ́jú. Màmá kan wà láàárín wa, ẹni ọdún 61, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, torí pé àyè ò sí nínú báàgì ẹ̀ ẹnì kan ti bá a kó oògùn tirẹ̀ gangan sínú páálí kejì, wọ́n dẹ̀ ti kó gbogbo páálí sínú yàrá wọ́n ti ilẹ̀kùn. A bẹ̀ wọ́n, a kúnlẹ̀, wọ́n ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ti lọlé. Láàárín òru ojú màmá yìí ń ṣú, ó ń dì mọ́ mi lọ́wọ́ pé kí n má jẹ́ kóun kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ ló tẹ́ ẹní fún un, Yorùbá ló fi bá wa sọ̀rọ̀, nígbà tílẹ̀ ń mọ́ ó mú mi lọ sí ilé oògùn kan tá a ti rí irú tirẹ̀ rà. Mi ò mọ orúkọ obìnrin yẹn. Mo ń gbàdúrà fún un.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n tó fi wá sílẹ̀, láìsí páálí kankan. Ohun tó wá dùn mí jù ni pé wọ́n fi páálí méjì hàn wá tó jẹ́ pé ó ku oṣù méjì péré kí oògùn inú ẹ̀ bàjẹ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ló kó o wá bẹ́ẹ̀, àwa náà ò dẹ̀ wò ó. Lórí ìyẹn, ọ̀rọ̀ àwọn ọ́físà yẹn tọ̀nà.

A dé kílíníìkì, à ń tọrọ àforíjì, nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ní ká má bínú, pé bá a tiẹ̀ kó o dé, àwọn tó ń bá òun ṣiṣẹ́ ò lè ka Gẹ̀ẹ́sì tó wà lára ẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń ra oògùn wọn wà. Ohun tó ń dààmú òun ni táyà ọ̀kadà tí wọ́n fi ń lọ sáwọn abúlé wo aláboyún àti owó epo. Oṣù mẹ́ta la fi ń gba páálí jọ, ẹnì kankan nínú wa ò kọ̀wé bi í! Ti aṣọ ńkọ́? Lomé tó jẹ́ olú-ìlú Tógò gan-an làwọn oníṣòwò òkìríkà ti ń kó ọjà kiri, kí lẹ fẹ́ kó lọ síbẹ̀?

Pásípọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì, ẹ ti mọ ìyẹn. Ẹ sáà gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú (yellow fever) tí wọ́n ń kọ sínú káàdì yẹn ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹni tó bá ti gbà á rí ò nílò láti tún un gbà, látọdún 2016 ló ti di ti gbogbo ayé ẹni. Owó CFA kan náà ni wọ́n ń ná ní ilẹ̀ Benin àti Tógò. Kẹ́ni kọ̀ọ̀kan gbé oògùn ara ẹ̀ sínú báàgì ọwọ́, nínú páálí ẹ̀, pẹ̀lú ìwé dọ́kítà. Ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ tún ṣọ́ra fún aago. Tẹ́ ẹ bá ti kúrò ní ilẹ̀ Benin wọ Tógò, aago máa fi wákàtí kan pa dà sẹ́yìn. Nígbà tá à ń bọ̀ la gbàgbé, bọ́ọ̀sì tá a ti sanwó ẹ̀ ní Kútọnu lọ.

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa tẹ́lẹ̀ ni pé àwọn èèyàn kan ń gbé agbègbè Atakpamé tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ifẹ̀, àwọn míì ń pè wọ́n ní Ana, ìtàn wọn ní Ilé-Ifẹ̀ làwọn ti wá. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ mọ̀. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo jókòó ti àwọn ìyá ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, tí wọ́n ń ka èdè wọn sókè, ọ̀kan ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ̀ọ̀dá kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀rọ̀ ṣe fún wọn, pé "báyìí kọ́ là ń pè é." Bàbá kan tó jókòó níbẹ̀ dìde, kò bá wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi lọ. Ẹ má dán an wò. Èdè tiwọn ni, kì í ṣe Yorùbá tó bàjẹ́. Tí wọ́n bá gbé fufu wá, iyán ni o, ẹ jẹun.

Ẹ má ṣèlérí. Àwọn ìyá tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ bi wá pé maṣín-ìn tí àwọn tó wá ṣáájú wa sọ ńkọ́, a ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, ojú tì wá. Fọ́tò náà: ọ̀kan nínú wa ya ọmọ kan tó rù ní kílíníìkì, ó gbé e sórí Facebook kó tó délé, àbúrò ìyá ọmọ náà tó wà ní Lomé rí i. Ẹ bi ìyá ọmọ kẹ́ ẹ tó ya nǹkan kan, tó bá dẹ̀ ní rárá, ẹ fi kámẹ́rà sápò.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé ìbéèrè yín. Ọjọ́ mẹ́wàá tó, tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ máa sáré kiri. Ẹ yọ ọjọ́ méjì fún àlọ, méjì fún àbọ̀, ẹ sun Lomé kẹ́ ẹ tó gòkè, ó ku mẹ́fà, Sunday wà nínú ẹ̀. Ibi kan tàbí méjì ni kẹ́ ẹ jókòó sí. Ẹ kọ̀wé sí míṣọ́n náà lónìí, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́, ẹ gba lẹ́tà Faransé lọ́wọ́ wọn tó kọ orúkọ ẹ̀yin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kẹ́ ẹ tó gba páálí kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì.