Ẹ má fi omi híhó rẹ kóró ìrókò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tẹ́ ẹ ti fi omi gbígbóná rẹ kóró ìrókò, tẹ́ ẹ rì í mọ́lẹ̀, tí kò hù. Kò ní hù mọ́. Ẹ dà á nù. Ó dùn mí, torí èmi náà ṣe é rí. Ọ̀gá ìjọba kan ló jókòó sórí àga rẹ̀ tó ní gbogbo kóró igi igbó ni wọ́n ń fi omi híhó rẹ. Irọ́ ni! Igi ayunrẹ́ tí èèpo kóró rẹ̀ le ló ń fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kóró ìrókò ò tó ti tòmátì, èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́. A kàn sè é ni.

Ẹ ṣa èso tó bá já bọ́ kí àdán tó jẹ ẹ́ tán, ẹ fi omi tútù rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fọ́n ọn sórí yẹ̀pẹ̀. Ẹ má rì í, ìmọ́lẹ̀ ló ń fẹ́. Ìyẹn ò le.

Ẹ̀yìn tó bá hù tán ni wàhálà. Mo ní ọmọ igi tó lé ní 300 nínú náílọ́ọ̀nù lẹ́yìnkùlé wa ní Apátá. Nígbà tí wọ́n ga tó ìka ọwọ́, ṣóńṣó orí wọn bẹ̀rẹ̀ sí wú. Mo rò pé ewé tuntun ló fẹ́ yọ, inú mi ń dùn. Mo fi èékánná la kókó kan: kòkòrò tín-ń-tín ló kún inú rẹ̀, bí iná orí. Phytolyma ni wọ́n ń pè é. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, àwọn kókó yẹn bẹ́, wọ́n jẹrà, igi ń gbẹ láti orí wá sísàlẹ̀. Àràárọ̀ ni mò ń yọ òkú igi. Mo pe ọ̀gá yẹn, ó ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́. Títí dòní, n ò rí èsì. Igi 41 ló kù.

Nítorí náà, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò wọ́n látìgbà tí wọ́n bá ti hù, kí ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ìbòji. Kókó tẹ́ ẹ bá rí, ẹ gé e kó tó bẹ́, ẹ sun ún. Tẹ́ ẹ bá ń kó wọn lọ sóko, ẹ gbìn wọ́n láàárín igi mìíràn, ẹ má tò ó ní ìrókò nìkan.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbin igi arère náà, ẹ má ra kóró rẹ̀ tí wọ́n ti tọ́jú láti èṣí o. Kóró náà kì í pẹ́ kú, igi rẹ̀ kì í sì í so lọ́dọọdún, owó yín á wọgbó.

Ìrókò tẹ́ ẹ ní ó wà lẹ́yìn ilé yín ńkọ́, ṣé ó ti so rí? Akọ ìrókò kì í so, ẹ má lọ jókòó tì í.