Ṣé òmìnira ni àbí ẹ̀tọ́ ìdìbò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Ìwé ìtàn kan ni mo ń túmọ̀ sí Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan sì ń dà mí láàmú nínú rẹ̀: enfranchise. Ní orí kejì, ẹrú ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tó di orí kẹfà, àwọn obìnrin tó fẹ́ dìbò ni. "Fún ní òmìnira" ni mo ti ń kọ sí gbogbo rẹ̀. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ti orí kejì lè dúró. Ti orí kẹfà ni kí ẹ pa rẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti rìn jìnnà. Inú èdè Faransé àtijọ́ ló ti wá, níbi tí "franc" ti jẹ́ ẹni tí kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí wọ́n bá ṣe enfranchise nígbà náà, oko ẹrú ló ti jáde. Nígbà tó yá, wọ́n ń lò ó fún ẹni tí ìlú gbà wọlé bí ọmọ ìlú, àti fún ìlú tí wọ́n fún láyè láti rán aṣojú lọ sí ilé aṣòfin. Ibẹ̀ ló gbà dé ìdí ìbò, ìdí ìbò náà ló sì jókòó sí lónìí. Ohun tí èmi máa ń bi ara mi tí mo bá pàdé rẹ̀ ni pé: lọ́wọ́ ta ni ẹni yìí wà tẹ́lẹ̀? Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ olówó tó rà á ni, "dá sílẹ̀" tàbí "sọ di òmìnira" ló yẹ ẹ́. Bí kò bá sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tó jẹ́ pé ibi ìdìbò nìkan ni wọ́n ti ń lé e, "fún ní ẹ̀tọ́ ìdìbò" ni kí ẹ kọ.

Àríwísí lásán kọ́ nìyí o. Àwọn nǹkan méjèèjì kì í sábà dé lọ́jọ́ kan náà. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1865 ni àtúnṣe kẹtàlá sí òfin ilẹ̀ wọn fòpin sí oko ẹrú. Ọdún 1870 ni àtúnṣe kẹẹ̀ẹ́dógún sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tìtorí àwọ̀ fi ìbò du ọmọ ilẹ̀ náà. Obìnrin tí òfin àkọ́kọ́ dá sílẹ̀ kò sì rí nǹkan kan gbà nínú èkejì. Ó di 1920 kí àtúnṣe mìíràn tó kan obìnrin. Bí ẹ bá kọ òmìnira sí gbogbo rẹ̀, òǹkàwé yín kò ní rí àwọn ọdún wọ̀nyẹn.

Manumit àti emancipate ńkọ́, torí mo mọ̀ pé ẹ máa tó pàdé wọn? Ọwọ́ ló wà nínú méjèèjì lédè Látìn. Manumit dà bí ìgbà tí àwa bá sọ pé "jọ̀wọ́ rẹ̀": olówó kan, ẹrú kan, ọwọ́ sì ṣí. Emancipate ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí ọmọ tó kúrò lábẹ́ àṣẹ bàbá rẹ̀, kó tó di ohun tí òfin ń ṣe fún ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀. "Rà padà" tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ràn, ẹ fi sílẹ̀ àfi bí ẹnì kan bá sanwó.

Suffrage kò le: ẹ̀tọ́ ìdìbò ni, kò bá suffer, ìyẹn ìyà, tan. (Mo ti rí ẹni tó kọ "ìjìyà gbogbo ènìyàn".)

Disenfranchise ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Yorùbá ní ọ̀nà méjì. "Gba ẹ̀tọ́ ìdìbò lọ́wọ́ wọn" túmọ̀ sí pé wọ́n ti ní i rí. "Fi ẹ̀tọ́ ìdìbò dù wọ́n" kò béèrè bóyá wọ́n ní i rí. Ní gúúsù Amẹ́ríkà lẹ́yìn 1870, àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń dìbò kí wọ́n tó fi owó orí àti ìdánwò ìwé kíkà dí wọn lọ́nà, nítorí náà "gbà lọ́wọ́" ló bá a mu.

Bí ìwé yín bá sì dé Kánádà, ẹ ṣọ́ra gidi. Òfin 1857 ibẹ̀ lo enfranchise fún ọmọ ìbílẹ̀ tó bá gbà kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò nínú àkọsílẹ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Ìjọba pè é ní oore. Àwọn tó fínnúfíndọ̀ gbà á kò tó nǹkan. Ọdún 1960 ni gbogbo ọmọ ìbílẹ̀ tó lè dìbò àpapọ̀ láìkọ́kọ́ sọ ipò ọmọ ìbílẹ̀ wọn nù lábẹ́ òfin. Níbẹ̀, "yọ orúkọ rẹ̀ kúrò" ni èmi yóò kọ, tí n óò sì ṣàlàyé rẹ̀ nínú gbólóhùn kan.

Ẹ jẹ́ ká padà sí orí kẹfà yín. Bó bá jẹ́ pé òfin 1918 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, ẹ má kọ "àwọn obìnrin" lásán. Ẹni tó ti pé ọgbọ̀n ọdún, tí òun tàbí ọkọ rẹ̀ sì kúnjú òṣùwọ̀n ní ti ilé tàbí ilẹ̀, ni òfin náà kàn jù lọ. Àwọn tó kù dúró di 1928.