Ṣé B-complex ló ń fún ara lágbára?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Bàbá mi ní Ìsánlú ti lé ní 70 ọdún, wọ́n ṣì ń roko. Wọ́n ní ó ń rẹ àwọn, ẹsẹ̀ sì ń ta àwọn lálẹ́. Kẹ́míìsì kan ta B-complex, oògùn tó kó oríṣiríṣi fítámìn B pọ̀, fún wọn pé agbára wọn yóò padà. Láti ìgbà náà ni ìtọ̀ wọn ti di yẹ́lò gan-an, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Ṣé kí wọ́n máa lò ó lọ?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí bàbá, kí ẹ sì fọkàn wọn balẹ̀ lórí ìtọ̀ yẹn. Àwọ̀ fítámìn B2 ni. Èyí tí ara kò lò ni kídìnrín ń dà síta.

Ní ti agbára, kò sí i nínú fítámìn rárá. Inú iyán, ẹ̀bà, ẹ̀wà àti epo ló wà. Àwọn ẹ́ńsáìmù, àwọn èròjà tó ń ṣiṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì, ló ń tú u jáde, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn dà bí irin ọkọ́ tí kò ní erùkọ́. Fítámìn B ni ara fi ń gbẹ́ erùkọ́ náà, oríṣi mẹ́rin nìyí pẹ̀lú orúkọ erùkọ́ wọn: B1 ń di TPP, B2 ń di FAD, B3 ń di NAD, B5 sì ń di coenzyme A. Bí iyán bá ti di ṣúgà, tí ṣúgà fọ́ di èròjà kékeré tí wọ́n ń pè ní pyruvate, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ pé kí pyruvate tó lè di èròjà mìíràn, acetyl-CoA, níbi tí ọ̀pọ̀ agbára ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Bí B1 bá wọ́n, ọ̀nà dí níbẹ̀. Iṣan ara àti ọkàn ló sì ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ ti tó, àfikún kò ní sọ ọ́ di alágbára.

Ọkùnrin nílò B1 bíi mílígíráàmù 1.2 lójúmọ́, èyí tó wà nípamọ́ nínú ara kì í sì í ju 30 lọ. Ẹ bi ìyá yín bóyá káún ni wọ́n fi ń se ẹ̀wà. Ẹ̀wà ní B1 dáadáa, ṣùgbọ́n inú ìkòkò níbẹ̀ ni káún ti ń bà á jẹ́. Inú mi kì í dùn sí àṣà yìí rárá. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà pẹ́ lórí iná díẹ̀ sí i, ó sàn ju káún lọ.

Ọ̀rọ̀ B1 kì í ṣe kékeré. Ní Ìkàrẹ́ Àkókó, àwọn kan tí ẹ̀gẹ́ àti iṣu ni oúnjẹ wọn ṣáá máa ń gbọ̀n, tí ìrìn wọn ń dojú rú nígbà òjò. Ìdin kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Anaphe, tí wọ́n ń jẹ lásìkò náà, ní ohun tó ń fọ́ B1, iná kì í sì í tètè pa á. B1 ni wọ́n fi tọ́jú wọn.

Síbẹ̀, ẹ má fi ẹsẹ̀ tó ń ta bàbá mọ sórí fítámìn nìkan. Ẹ mú wọn lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Bí wọ́n bá ní àtọ̀gbẹ, tí wọ́n sì ti ń lo metformin tipẹ́, ẹ ní kí wọ́n yẹ B12 wò pẹ̀lú, nítorí oògùn náà máa ń dín in kù. Gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò ni kí ẹ kó dání, àgbo náà kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn.