"Yo" tó wà níwájú Wikipedia, ṣé àwa nìyẹn?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ọ̀kun o. Ọmọ Kábbà ni mí, Manchester la ń gbé. Tíṣà ní kí Dámi ọmọ mi, ọmọ ọdún 10, kọ nǹkan nípa ìlú ìyá ìyá ẹ̀, ló bá ní òun á wò ó lórí Wikipedia. Ó rí i pé "en" ló wà níwájú àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀, ó wá ní ṣebí UK la wà, ó pa "en" yẹn rẹ́ ó tẹ "uk" síbẹ̀, bó ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí gbogbo ojú fóònù yí padà sí lẹ́tà tí mi ò rí rí, òmíì dà bí R tó kẹ̀yìn síni. Àyà mi já, mo rò pé àwọn oníjìbìtì ti wọlé. Ìgbà tó yá ó rí "yo" níbì kan, ó ní "Mọ́mì, ṣé àwa nìyẹn?" Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Owé, ẹ̀ka èdè Yorùbá tí àwa ará Kábbà ń sọ, là ń sọ nílé, ṣé Owé náà ní tiẹ̀ ni? Tá a bá sì tẹ yo, ṣé ó máa yí ti òyìnbó yẹn sí Yorùbá fún wa? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i.

Mọ́mì Dámi

Èsì

Mọ́mì Dámi, ọ̀kun o, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹnikẹ́ni ò wọ fóònù yín. Ọmọ Ìsánlú ni mí, Calgary lèmi wà, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín yìí ṣẹlẹ̀ nílé mi náà, ọmọ tèmi tẹ "ca" torí Canada ló wà lọ́kàn ẹ̀, ó bá ara ẹ̀ nínú èdè Catalan, èdè tí wọ́n ń sọ ní Barcelona. "uk" tí Dámi tẹ̀, èdè àwọn ará Ukraine ni. Tó bá tiẹ̀ tẹ "ng" torí Nàìjíríà, kóòdù èdè Ndonga ni, àwọn ará Nàmíbíà ló ń sọ ọ́. Ohun tó ń da àwọn ọmọ láàmú ni pé lẹ́tà méjì tó ń wà níparí àdírẹ́ẹ̀sì, irú .uk, .ca, .ng, orílẹ̀-èdè nìyẹn, àmọ́ ti iwájú Wikipedia, èdè ni, kò bá orílẹ̀-èdè tan rárá. Ẹ̀yìn Wikipedia, .org ni níbi gbogbo. Torí náà yo.wikipedia.org ni kó tẹ̀, ì báà jẹ́ Manchester ló wà, ì báà jẹ́ Mọ̀pà.

Àwọn kóòdù yẹn, Wikipedia kọ́ ló jókòó hùmọ̀ wọn, ìlànà kan tí gbogbo ayé ń lò tó ń jẹ́ ISO 639 ni wọ́n ti mú èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Lẹ́tà 2 ni ti àkọ́kọ́: yo fún Yorùbá, ha fún Haúsá, ig fún Ìgbò, de fún èdè Jámánì torí Deutsch làwọn fúnra wọn ń pè é. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá da lẹ́tà 26 pọ̀ ní méjì méjì, 676 péré lẹ máa rí, èdè tó wà láyé sì ju ẹgbẹ̀rún 7 lọ, ìdí tí wọ́n fi ṣe ti lẹ́tà 3 nìyẹn. Yorùbá náà ní ti lẹ́tà 3, yor ni, ṣùgbọ́n èdè tó bá ti ní méjì, méjì yẹn ni Wikipedia ń lò. Ẹ wo àwọn ará ilé wa ní Kogi: Ígálà ti ní Wikipedia tiwọn, igl ni kóòdù ẹ̀. Ti Ẹ̀bìrà ni igb, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kọ́mọ fojú sí èyí dáadáa, ig ni Ìgbò, igb ni Ẹ̀bìrà, lẹ́tà kan ló wà láàárín wọn.

Ọ̀rọ̀ Owé wá kù. Kò ní kóòdù tiẹ̀, Yàgbà tèmi náà ò ní, bẹ́ẹ̀ ni Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, abẹ́ yo ni wọ́n kó gbogbo wa sí. Ìtsẹkírì tó bá Yorùbá tan ní tiẹ̀, its. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó máa ń dùn mí, torí ọ̀rọ̀ tí ìyá mi ń sọ nílé kì í sábà rí bí èyí tí mo ń kà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ká má torí ìyẹn sá fún yo. Èdè wa ni, ẹ sọ fún Dámi pé bẹ́ẹ̀ ni, àwa nìyẹn.

Ní ti pé ṣé ó máa yí i padà, rárá o. Èyí ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ jù. Àwọn èèyàn bíi tiwa ló ń fọwọ́ ara wọn kọ ti Yorùbá lọ́tọ̀, wọn kì í gbowó, ti òyìnbó sì wà lọ́tọ̀. Ti òyìnbó ju mílíọ̀nù 6 àyọkà lọ, tiwa ju ẹgbẹ̀rún 30 lọ. Tẹ́ ẹ bá ṣí ojú ìwé kan lórí fóònù, ẹ máa rí àmì kékeré kan lókè, lẹ́tà A pẹ̀lú lẹ́tà àwọn ará Ṣáínà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, orúkọ àwọn èdè tí wọ́n ti kọ nǹkan yẹn á tò sílẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá rí Yorùbá níbẹ̀, ẹnì kankan ò tíì kọ ọ́ nìyẹn, kì í ṣe pé fóònù yín bà jẹ́. Tí ti en bá le jù fún ọmọ ọdún 10, kó tẹ "simple" níwájú dípò en, Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn ni wọ́n fi kọ ìyẹn.

Tó bá wá rí nǹkan kà ní yo, kó pe ìyá àgbà ní Kábbà lórí fídíò, kó kà á sí wọn létí. Nílé wa, ìyá mi kì í jẹ́ kó ka ìlà mẹ́ta tán tí wọ́n á fi ní "àwa ò pè é báyẹn." Kí Dámi kọ bí Mama ṣe pè é sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó rí lórí fóònù, kó kó méjèèjì lọ fún tíṣà. Tíṣà ò ní lè kà á, ọmọ á kà á fún un.

Mọ́mì Tólú, Calgary