Tíì gbígbóná dà sí mi lára nínú bàlúù: ṣé àmúwá Ọlọ́run ni lóòótọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, amòfin. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo wọ bàlúù láti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn. Wọ́n ń pín tíì lọ́wọ́ nígbà tí bàlúù ṣàdédé já wálẹ̀, bíi pé nǹkan yọ́ lábẹ́ rẹ̀. Tíì tí wọ́n ń nà sí mi dà sí mi nítan, ara mi bó. Mo de bẹ́líìtì o. Ilé iṣẹ́ náà kọ̀wé pé àwọn bá mi kẹ́dùn, ṣùgbọ́n àmúwá Ọlọ́run ni afẹ́fẹ́ tó gbọn bàlúù, àwọn kò jẹ̀bi. Wọ́n wá fi ìwé ẹ̀dínwó fún ìrìn àjò mìíràn sí i. Ṣé kí n gbà á, kí n gbàgbé?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ má tíì buwọ́ lu ohunkóhun. Ẹ ka ìsàlẹ̀ ìwé ẹ̀dínwó yẹn dáadáa ná. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fi gbólóhùn sí pé ẹni tó bá gbà á ti gbà pé ọ̀rọ̀ parí.

Ọ̀rọ̀ àmúwá Ọlọ́run yẹn dùn létí, àmọ́ kò tẹ̀wọ̀n lábẹ́ òfin tó de irú ìrìn àjò yín. Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999 ni òfin náà, bí ibi tí ẹ ti gbéra àti ibi tí ẹ ń lọ bá ti fọwọ́ sí i, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sì ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní inú orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ni ẹ ti rìn, òfin ibẹ̀ ni à bá yẹ̀ wò. Abala 17 ní tí ìjàǹbá bá ṣe èrò léṣe lára nínú bàlúù, ilé iṣẹ́ tó gbé e ni yóò san owó gbà-máà-bínú. Kò ní kí ẹ fi hàn pé ẹnikẹ́ni ṣàìbìkítà. Láti 28 oṣù Kejìlá 2024, títí dé orí 151,880 SDR (òṣùwọ̀n owó tí IMF, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ owó lágbàáyé, ń lò, tí ilé ẹjọ́ máa ń ṣẹ́ sí owó ilẹ̀ rẹ̀), ilé iṣẹ́ náà kò lè fi “ẹ̀bi wa kọ́” bọ́. Ìgbà tí ohun tí ẹ ń béèrè bá kọjá ibẹ̀ ni àlàyé yẹn tó wúlò fún wọn. Ẹ má retí pé iye yẹn ni wọ́n máa kà lé yín lọ́wọ́ o; bí ìpalára yín bá ṣe tó ni ilé ẹjọ́ máa wọ̀n.

Ibi tí agbẹjọ́rò wọn lè gbà yọ ni ọ̀rọ̀ “ìjàǹbá”. Lọ́dún 1985, nínú ẹjọ́ kan tó kan Air France, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ àìròtẹ́lẹ̀ tàbí èyí tí kò wọ́pọ̀, tó wá láti ìta ara èrò fúnra rẹ̀. Wọ́n lè jiyàn pé kí bàlúù gbọ̀n díẹ̀ kì í ṣe tuntun. Èmi ò tíì rí ẹni tó ń retí tíì gbígbóná lórí itan rẹ̀.

Ẹjọ́ tó sún mọ́ tiyín jù ni èyí tí Ilé Ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ní 19 oṣù Kejìlá 2019. Nínú bàlúù tó ń ti Mallorca lọ sí Vienna, kọfí gbígbóná tó wà níwájú bàbá kan dà sí ọmọbìnrin rẹ̀ lára. A kò mọ̀ bóyá tábìlì kékeré náà ló ní àbùkù tàbí bàlúù ló gbọ̀n. Ilé iṣẹ́ náà jà pé ewu tó jẹ mọ́ fífò lófuurufú nìkan ni àdéhùn náà ń sọ. Ilé ẹjọ́ ní rárá: bí ohun tí wọ́n fi ń ṣètọ́jú èrò bá ti ṣe é léṣe nínú bàlúù, ìjàǹbá ni. Ìdájọ́ yìí kò de gbogbo ayé, àmọ́ ẹ jẹ́ kí amòfin yín gbé e dání.

Ní ti afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀, òótọ́ ni pé awakọ̀ kì í rí gbogbo rẹ̀. Omi inú ìkùukùu ni ẹ̀rọ rédà imú bàlúù ń rí. Tí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere, afẹ́fẹ́ lè máa ru níbẹ̀ kí rédà má fi nǹkan kan hàn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bu tíì, ọwọ́ wọn ló wà. Ní 21 oṣù Karùn-ún 2024, bàlúù Singapore Airlines kan tó ń ti London lọ sí Singapore gbọ̀n lójijì lókè Myanmar. Ó já wálẹ̀ ní 178 ẹsẹ̀ bàtà láàárín ìṣẹ́jú àáyá tí kò pé márùn-ún. Ẹnì kan kú, ọ̀pọ̀ farapa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ náà pàṣẹ pé wọn ò ní pín ohun mímu gbígbóná mọ́ nígbà tí iná bẹ́líìtì bá ń tàn.

Nítorí náà, ẹ rántí dáadáa: ṣé iná bẹ́líìtì ti tàn kí wọ́n tó bu tíì yín? Ṣé awakọ̀ ti kìlọ̀? Ṣé ife ní ọmọrí? Bẹ́líìtì tí ẹ dè ń gbè yín, nítorí abala 20 nínú Àdéhùn Montreal fàyè gba ilé iṣẹ́ bàlúù láti dín owó kù bí èrò bá lọ́wọ́ nínú ohun tó ṣe é.

Ẹ má sì bínú sí òṣìṣẹ́ tó ń na tíì náà. Orí ìdúró ni wọ́n wà, àwọn ni irú èyí sì sábà máa ń ṣe léṣe jù. Bí òun tàbí ọ̀gá rẹ̀ bá kọ ìròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà sílẹ̀, ẹ fi lẹ́tà béèrè ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ wá ìwé dókítà, fọ́tò ọgbẹ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí di òní, ìwé ìwọlé bàlúù, rìsíìtì oògùn, àti ẹni tó jókòó tì yín. Bí ẹ kò bá tíì fọ aṣọ tí tíì dà sí, ẹ tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìpayà nìkan, láìsí ọgbẹ́, kì í sábà mú owó wá. Tiyín ní ọgbẹ́.

Ọdún méjì ni òfin fún yín láti gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù, láti ọjọ́ tí bàlúù gúnlẹ̀. Lẹ́tà tí ẹ̀yin àti wọn ń kọ síra yín kò dá ọjọ́ dúró. Mo ti rí ẹni tí wọ́n fi “a ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò” dá dúró títí ọdún méjì fi kọjá. Ẹ lè pẹjọ́ níbi tí ẹ ń gbé, bí ilé iṣẹ́ náà bá ń gbé èrò débẹ̀ tó sì ní ọ́fíìsì níbẹ̀, tàbí níbi tí ìrìn àjò yín parí sí. Ẹ fi ìwé ẹ̀dínwó náà sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án títí amòfin yín yóò fi kà á.