Buffer íntánẹ́ẹ̀tì lórí Linux: báwo ló ṣe yẹ kó tóbi tó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Linux ni mo ń lò lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi. Ìlà íntánẹ́ẹ̀tì mi ń gba 300 Mbps wọlé, ó sì ń fi 20 Mbps ránṣẹ́. Tí mo bá ń gba fáìlì láti sáfà tó wà nítòsí, mo máa ń rí nǹkan bíi 290. Ṣùgbọ́n láti ọ̀dọ̀ sáfà kan tó jìnnà, tí ping rẹ̀ (àkókò àlọ àti àbọ̀) jẹ́ 180 ms, kì í kọjá 135. Mo wá da àwọn ìlà sysctl (àṣẹ tí a fi ń yí ìwọ̀n inú Linux padà) kan tí mo rí kọ: mo sọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tcp_rmem (buffer ìgbàwọlé) àti ti tcp_wmem (buffer ìfiránṣẹ́) di 64 MB, mo sì sọ txqueuelen (gígùn ìlà tí dátà ń tò sí kó tó jáde) di 10000. Fáìlì ti ń yára wọlé sí i lóòótọ́, àmọ́ nígbàkígbà tí mo bá ń fi fáìlì ńlá ránṣẹ́, ìpè fídíò mi á máa já. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ pa àwọn ìlà yẹn rẹ́ kúrò nínú fáìlì tí ẹ kọ wọ́n sí, yálà /etc/sysctl.conf ni tàbí èyí tó wà nínú /etc/sysctl.d/, kí ẹ sì tún kọ̀ǹpútà tàn. Nínú gbogbo ohun tí ẹ yí padà, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló yẹ kí ẹ fọwọ́ kàn.

Buffer ni àyè tí kernel (ọkàn Linux) yà sọ́tọ̀ nínú memory fún ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Dátà tó ti dé, tí ètò tó ni ín kò tíì kó, ibẹ̀ ló ń dúró sí. TCP, ìlànà tí fáìlì sábà fi ń rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í jẹ́ kí sáfà rán ju ohun tí àyè yìí lè gbà lọ, àfi tí kọ̀ǹpútà yín bá ti dá a lóhùn pé ti ìṣáájú ti dé. Ibi tí jíjìnnà ti ń pa ìyára nìyẹn. Bí sáfà bá ti rán ìwọ̀n tí a fún un láyè, ṣe ló máa káwọ́ gbera tí á máa retí èsì, èsì náà á sì pẹ́ tó 180 ms kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, ìṣirò ló ń sọ bí buffer ṣe yẹ kó tóbi tó. Ẹ fi 0.18 ìṣẹ́jú àáyá sọ 300,000,000 bit di púpọ̀, ẹ ó rí 54,000,000 bit. Ẹ pín in sí 8, ó di 6,750,000 byte. Iye dátà tó gbọ́dọ̀ máa wà lójú ọ̀nà nígbà gbogbo nìyẹn, kí ìlà yín má baà ṣófo. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún kọ̀ǹpútà tàn, ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀:

sysctl net.ipv4.tcp_rmem

Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Linux, 4096 131072 6291456 ni ẹ máa rí. Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n tó kéré jù, èkejì ni èyí tí ìsopọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kẹta sì ni òpin tí kernel fúnra rẹ̀ lè fẹ̀ ẹ́ dé bí iṣẹ́ bá ṣe pọ̀ sí. Ẹ máa rò pé 6291456 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6,750,000. Kò tó rárá. Kì í ṣe dátà nìkan ni kernel ń kà mọ́ buffer. Ó ń ka ohun tí pákẹ́ẹ̀tì (ègé dátà) kọ̀ọ̀kan gbà nínú memory fún àkọsílẹ̀ tirẹ̀ mọ́ ọn. Nǹkan bí ìdajì buffer ló sábà máa ń kéde fún sáfà pé ó ṣí sílẹ̀. Ìdajì 6291456 jẹ́ 3145728. Ẹ pín in sí 0.18, ẹ ó rí 17.5 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ 140 Mbps. Ibi tí 135 tí ẹ ń rí ti wá gan-an nìyẹn.

Ìlọ́po méjì 6.75 MB ni ẹ nílò, ìyẹn 13.5 MB. 16 MB gbà á, ó sì ṣẹ́ kù díẹ̀. Ẹ ṣe fáìlì kan tó ń jẹ́ /etc/sysctl.d/90-buffer.conf, kí ẹ sì kọ ìlà kan yìí sínú rẹ̀:

net.ipv4.tcp_rmem = 4096 131072 16777216

Lẹ́yìn náà, ẹ pàṣẹ sudo sysctl --system. Kò sí ìdí láti tún kọ̀ǹpútà tàn, ṣùgbọ́n ẹ dá ìgbàwọlé tó ń lọ lọ́wọ́ dúró, kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ìsopọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni àwọn kọ̀ǹpútà méjèèjì máa ń fẹnu kò lórí bí àyè náà ṣe lè gbòòrò tó, wọn kì í sì í tún un sọ mọ́ títí ìsopọ̀ yẹn á fi parí. Ẹ tún rí i dájú pé net.ipv4.tcp_window_scaling àti net.ipv4.tcp_moderate_rcvbuf wà ní 1. Tí ti àkọ́kọ́ bá wà ní 0, àyè náà kò ní lè kọjá 65,535 byte, ẹ kò sì ní rí tó 3 Mbps láti ọ̀dọ̀ sáfà yẹn, bó ti wù kí buffer tóbi tó.

Ẹ má ṣe fọwọ́ kan nọ́ńbà àárín. 64 MB tí ẹ fi síbẹ̀ túmọ̀ sí pé gbogbo ìsopọ̀, títí kan ti ojú ìwé kékeré, ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti jẹ 64 MB. Kernel kì í fún un ní memory náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àmọ́ bí ìsopọ̀ ọgọ́rùn-ún bá ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn ètò wọn ò sì tètè kó dátà, memory lè tán. Bí ẹ bá rí tcp_mem níbìkan, ẹ fi í sílẹ̀: page (ègé memory) ni wọ́n fi ń kà á, kì í ṣe byte. Ẹni tó bá kọ iye byte síbẹ̀ ti fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlọ́po gbé òpin náà sókè láìmọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tún máa ń gbé net.core.rmem_max sókè, wọ́n á rò pé òun ló ń dá TCP dúró. Òun kọ́ ni òpin ibi tí kernel lè fẹ̀ buffer TCP dé. Ètò tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè ìwọ̀n buffer ló ń ká lọ́wọ́ kò. Ó wúlò fún UDP, ìlànà mìíràn tí kì í dúró de èsì bíi TCP. Ẹ pàṣẹ nstat -az UdpRcvbufErrors. Bí nọ́ńbà náà bá ń gòkè nígbà tí ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ lè gbé rmem_max láti 212992 lọ sí 7500000. Tí kò bá gòkè, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ìpè tó ń já. Fún ìfiránṣẹ́, ìṣirò kan náà ni: 20,000,000 lọ́nà 0.18, pín sí 8, ó jẹ́ 450,000 byte. Òpin tcp_wmem tó bá kọ̀ǹpútà wá sábà máa ń jẹ́ 4194304. Ó ti ju ohun tí ẹ nílò lọ fíìfíì. Nígbà tí ẹ sọ ọ́ di 64 MB, ẹ gba ètò láyè láti da dátà sí rúọ́tà ju bí rúọ́tà ṣe lè tì í jáde lọ. Wáyà tó lọ sí rúọ́tà lè gbé 1 Gbps, ẹnu ọ̀nà tó jáde síta kò sì ju 20 Mbps lọ. Tí 2.5 MB bá tò sínú rúọ́tà, ìṣẹ́jú àáyá kan gbáko ni pákẹ́ẹ̀tì ohùn yín máa fi dúró lẹ́yìn wọn. Jim Gettys, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, ló sọ àìsàn yìí ní bufferbloat. Ẹ lè dán an wò: ẹ jẹ́ kí ping máa lọ sí sáfà ìtòsí, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ ìfiránṣẹ́ ńlá kan. Bí 20 ms bá fò sókè sí 400, òun náà nìyẹn.

Dídá tcp_wmem padà máa dín in kù, ṣùgbọ́n inú rúọ́tà ni ìwòsàn rẹ̀ wà. Ẹ wá SQM (ohun tó ń darí bí pákẹ́ẹ̀tì ṣe ń tò) nínú ètò rúọ́tà, ẹ yan CAKE tàbí fq_codel, ọ̀nà méjì tó fi ń ṣe é, kí ẹ sì fi ìfiránṣẹ́ sí 18 Mbps. Díẹ̀ tí ẹ dín kù yẹn ló ń jẹ́ kí pákẹ́ẹ̀tì máa tò síbi tí ẹ ti lè darí wọn. Bí rúọ́tà kò bá ní in, ẹ lè ṣe é lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi orúkọ tí ip link bá fún yín rọ́pò enp3s0:

sudo tc qdisc replace dev enp3s0 root cake bandwidth 18mbit

Ó ní àbùkù méjì: ohun tí ẹ bá ń rán sí kọ̀ǹpútà mìíràn nínú ilé náà kò ní kọjá 18 Mbps, kò sì lè kó fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn níjàánu. Tí ẹ bá fẹ́ mú un kúrò, sudo tc qdisc del dev enp3s0 root ló máa yọ ọ́. Ní ti txqueuelen, bí tc qdisc show bá fi fq_codel hàn, nọ́ńbà yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Àkókò ni fq_codel ń wò. Ó máa ń gbìyànjú kí pákẹ́ẹ̀tì má dúró ju 5 ms lọ.

Kí ẹ lè mọ̀ bóyá 16 MB ṣiṣẹ́, ẹ pàṣẹ ss -tmi nígbà tí fáìlì ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kí ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé rb nínú skmem. Ó yẹ kó gòkè kọjá 6291456, kí ìyára sì gòkè tẹ̀lé e. Tí rb kò bá kúrò lójú kan, tí ìyára náà kò sì yí padà, a jẹ́ pé sáfà ni buffer ìfiránṣẹ́ tirẹ̀ kéré, tàbí pé pákẹ́ẹ̀tì ń sọnù lójú ọ̀nà. Ẹ gba fáìlì mẹ́rin wọlé láti ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jùmọ̀ tó 290, ìlà yín kò níṣòro, kò sì sí nọ́ńbà kankan lórí kọ̀ǹpútà tiyín tó lè mú kí ẹyọ kan yára jù bẹ́ẹ̀ lọ.