Bí a ṣe ń fi GCC tuntun sórí Linux láì yọ ti àtijọ́ kúrò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Kétu ni mo ń gbé. Mo kọ kóòdù C++ kan tó ń lo std::format (irinṣẹ́ C++ tó ń to ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà pọ̀), ṣùgbọ́n lórí Ubuntu 22.04 mi, g++, ìyẹn apá C++ nínú GCC, kọ̀ǹpáílà tó ń sọ kóòdù di ètò, ní òun kò rí fáìlì format. Ohun kan náà ló ń bá ọ̀rẹ́ mi ní Àjàṣẹ́, tó ń lo Rocky Linux 8. Ṣé kí a yọ GCC tó wà níbẹ̀ kúrò ni?

Ìdáhùn: Ẹ má yọ ọ́ kúrò. Àwọn ètò mìíràn, bíi dkms (tó ń kọ́ driver fún Linux), gbójú lé èyí tó bá kọ̀ǹpútà yín wá, bí ẹ bá sì fà á tu, apt, tó ń fi ètò sórí Ubuntu tó sì ń yọ wọ́n, lè kó wọn lọ pẹ̀lú rẹ̀. GCC 11 ni Ubuntu yín ń lò, Rocky 8 sì ń lo 8.5, bẹ́ẹ̀ GCC 13, tó jáde ní 2023, ni std::format kọ́kọ́ bá dé. Ẹ jẹ́ kí ti àtijọ́ àti tuntun jọ máa gbé.

Lórí Ubuntu, ẹ tẹ àwọn àṣẹ wọ̀nyí:

sudo add-apt-repository ppa:ubuntu-toolchain-r/test
sudo apt update
sudo apt install g++-13

Ẹ ó máa pe tuntun ní g++-13. 11 náà ni g++ lásán ṣì ń jẹ́. Àwọn kan á ní kí ẹ fi update-alternatives (àṣẹ tó ń yan èyí tí orúkọ kan á máa pè) pààrọ̀ rẹ̀ fún gbogbo kọ̀ǹpútà. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀: iṣẹ́ tó bá nílò rẹ̀ nìkan ni mo ń kọ CXX=g++-13 ṣíwájú àṣẹ cmake (tó ń ṣètò bí a ó ṣe sọ kóòdù di ètò) fún. Ẹ tún fi -std=c++20 sí àṣẹ tí ẹ ń fún kọ̀ǹpáílà, nítorí C++17 ni GCC 13 ń lò bí a kò bá sọ fún un; ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bú kọ̀ǹpáílà, ohun tí wọ́n gbàgbé nìyí.

Kí ọ̀rẹ́ yín lo èyí:

sudo dnf install gcc-toolset-13
scl enable gcc-toolset-13 bash

Abẹ́ /opt/rh ni ó ń bọ́ sí, ojú terminal tí a ti pàṣẹ yẹn nìkan ló sì ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ti jáde níbẹ̀, 8.5 ló tún kù.

Bí ẹ̀yin méjèèjì yóò bá jọ máa lo ètò kan náà, lórí Rocky ni kí ẹ ti ṣe é. glibc, àkójọ kóòdù C tí ọ̀pọ̀ ètò Linux gbójú lé, ti 2.28 ló wà níbẹ̀, 2.35 ló wà lórí Ubuntu 22.04, ètò tí a ṣe lórí ti àtijọ́ sábà máa ń ṣiṣẹ́ lórí tuntun, ṣùgbọ́n èyí tí a ṣe lórí tuntun lè kọ̀ láti ṣí lórí ti àtijọ́, kó máa sọ pé òun ń wá GLIBC tí kò sí níbẹ̀.